Kọ́stúùmù kánífà tó máa fi Abẹ́òkúta hàn tí kò ní jọ kàlẹ́ńdà, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Aránṣọ_Omídà:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o gbogbo ilé. Ìmọ̀ràn ni mò ń wá, ẹ má bínú tó bá gùn díẹ̀. Táílọ̀ ni mí, Omídà ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, aṣọ ìyàwó àti aṣọ ẹbí ni mo sábà máa ń rán, n ò rán aṣọ kánífà rí láyé mi. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa ló wá bá mi pé àwọn fẹ́ jáde ní ìparí ọdún, ogójì èèyàn, kí n ya kọ́stúùmù kí n sì rán an, àkòrí tí wọ́n mú ni "Abẹ́òkúta ìlú gbogbo wa". Inú mi dùn, mo ra ìwé ìyàwòrán, mo ra péńsù aláwọ̀ oríṣiríṣi, mo jókòó.

Ohun tí mo yà rèé. Mo pín ogójì yẹn sọ́nà mẹ́jọ, èèyàn márùn-ún márùn-ún. Aké, Òkè-Ọnà, Gbágùúrá, Òwu, ìyẹn mẹ́rin. Ìbarà torí pé Yewa làwọn ti ṣẹ̀ wá tí wọ́n sì ní Olúbarà tiwọn. Àwọn Sàró tó ti Freetown dé, mo fi kóòtù gígùn àti fìlà gíga òyìnbó wọ̀ wọ́n. Hausa Sàbó, babańrìgá àti ọ̀pá. Ìgbò, fìlà pupa. Mo wá fi egúngún kan ṣíwájú gbogbo wọn.

Mo gbé e han màámi. Wọ́n wò ó, wọ́n yí i po, wọ́n tún wò ó, wọ́n ní "èyí ò ha jọ kàlẹ́ńdà tí wọ́n ń pín lọ́dún tuntun?" Ó dùn mí dé egungun ṣùgbọ́n òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣe ló dà bíi pé mo fi okùn pín ìlú, tí mo ní kí olúkúlùkù dúró sí páálí tiẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí, báwo lẹ ṣe ń fi gbogbo àwọn tó kọ́ ìlú kan hàn tí kò ní di páálí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀? Àwọn ọmọ yìí náà tún fẹ́ ìyẹ́ ńlá ńlá lẹ́yìn bíi ti tẹlifíṣọ̀n, owó wọn ò sì tó nǹkan, Kútọ̀ ni wọ́n ti máa gbéra gba Sápọ́n lọ sí Aké, ẹ̀yin náà mọ bí ilẹ̀ wa ṣe rí, òkè lórí òkè. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ ràn mí lọ́wọ́.

---

Ìyá_Aládìírẹ_Ìtòkú:

Ọmọ mi, màmá ẹ ò parọ́. Ṣùgbọ́n má banú jẹ́, ohun tí ò ń wá wà nínú ọjà tí o máa ń kọjá lára ẹ̀ lójoojúmọ́.

Jẹ́ kí n bi ẹ́ léèrè. Àdìrẹ, ti ta ni? Wàá ní ti Ẹ̀gbá. Ó dáa. Aṣọ funfun tí ìyá wa àgbà ń pa láró, Manchester ló ti ń wá, àwọn Sàró àtàwọn oníṣòwò òyìnbó ló ń kó o wọ̀lú. Láfún tí wọ́n ń fi ya ẹlẹ́kọ, ìyẹn àdìrẹ tí wọ́n ń fi ẹ̀kọ yà kí aró má bàa wọ ibẹ̀, pákí ni, ìyẹn gan-an ilẹ̀ àwọn Brazil lọ́hùn-ún ni ará Potogí ti gbé e wá sí Áfíríkà. Páànù tí àwọn ọkùnrin Abẹ́òkúta ń gé ihò sí kí wọ́n tó gbé e lé aṣọ tí wọ́n á wá fi ẹ̀kọ gba orí ẹ̀, páànù òyìnbó náà ni. (Ní Ìbàdàn ìyẹ́ adìẹ ni wọ́n sábà ń fi yà á lọ́wọ́, tiwa níbí páànù ló gbajúmọ̀ jù, ẹ má jẹ́ kí ará Ìbàdàn wá bá mi jà o.) Ewé èlú nìkan ló jẹ́ ti inú igbó wa, nígbà tó sì yá aró òyìnbó àti sóódà dé ó tún lé ewé èlú náà lọ. Kódà wàhálà ńlá ṣẹlẹ̀ lórí sóódà yẹn láwọn ọdún 1930, Aláké Ademola fòfin dè é pé ó ń ba aṣọ jẹ́, àwọn aláró ní àwọn ò gbà, ọ̀rọ̀ náà le gan-an.

Ṣé o ti ń rí ibi tí mò ń lọ? Gbogbo àwọn tí o fi okùn pín yẹn, wọ́n ti pàdé nínú ìkòkò aró kan ṣoṣo kí wọ́n tó bí ẹ.

Ohun tí màá ṣe tó bá jẹ́ èmi ni. Aṣọ kan náà fún ogójì èèyàn. Ṣùgbọ́n ẹ má pa gbogbo ẹ̀ láró bákan náà. Tí a bá ri aṣọ sínú aró lẹ́ẹ̀kan tá a sì fà á yọ, àwọ̀ ewé ló máa kọ́kọ́ ní, atẹ́gùn ló máa sọ ọ́ di búlúù lójú ẹ báyìí, ìyẹn àyìnrín. O tún rì í, o tún sá a, ó tún dúdú sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹwàá, ẹ̀ẹ̀mejìlá, á dúdú bí ẹ̀tù. Nítorí náà kí ẹni àkọ́kọ́ wọ funfun báláú, ẹni tó tẹ̀ lé e kí tiẹ̀ yinrin díẹ̀, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, títí tí ẹni ìkẹyìn á fi dúdú kirikiri. Tí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè ní Sápọ́n, ẹni tó dúró nísàlẹ̀ á rí aró tí ń ṣàn bọ̀ bí odò Ògùn. Ìwọ wo ó lọ́kàn ẹ ná.

Bátànì ńkọ́? Má lo Ìbàdàn-dùn jọ̀ọ́, àwọn òpó gbọ̀ngàn Mápó ti Ìbàdàn ló wà lára ẹ̀, wọ́n á fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀ṣùbàmbà dáa, Sunbẹ́bẹ́ dáa, Olókun kò burú. Àbí kí o ní kí wọ́n gé páànù tuntun.

---

Ọmọ_Sàbó:

Màmá ẹ ṣé gan-an, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ tèmi, inú ń bí mi díẹ̀ o mi ò ní purọ́.

Àǹtí Aránṣọ, Hausa ni bàbá mi, Sàbó níbí ni wọ́n bí wọn sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n bí mi sí, Yorùbá tí mò ń kọ yìí ni mo fi ń lálàá. Láti kékeré gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ní ká ṣe àṣà ní ilé-ìwé, èmi ni wọ́n ń fún ní ọ̀pá màlúù. Mi ò ní màlúù! Bàbá mi ò ní màlúù! Abẹ́rẹ́ ni iṣẹ́ wọn, iṣẹ́ ọrùn babańrìgá ni wọ́n ń ṣe, èyí tí à ń pè ní aska takwas, ìyẹn ọ̀bẹ mẹ́jọ, torí pé ó jọ ẹnu ọ̀bẹ tó to gbọọrọ láti ọrùn wá sí àyà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá Ẹ̀gbá tẹ́ ẹ rí tí wọ́n ń wọ agbádá lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ ní Kóbìtì, tí ẹ bá wo ọrùn agbádá yẹn dáadáa, iṣẹ́ abẹ́rẹ́ wa ni. Nítorí náà tí ẹ bá fẹ́ kí Hausa wà nínú kọ́stúùmù yìí, ẹ fi sí ọrùn aṣọ gbogbo èèyàn, ogójì ogójì, kì í ṣe kẹ́ ẹ wá èèyàn márùn-ún kẹ́ ẹ fún wọn lọ́pá.

Ọ̀rọ̀ aró tí Màmá sọ, Kano náà ní kòtò aró o, Kofar Mata, ó ti wà láti ayé àwọn bàbá ńlá, wọ́n ṣì ń rì aṣọ síbẹ̀ títí dòní. Ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ ni búlúù 😄

---

Ọlọ́jà_Pànṣẹ́kẹ́:

Gbogbo yín lẹ kàwé, mo kí yín. Ṣùgbọ́n kánífà kì í ṣe kíláàsì ìtàn jàre. Èèyàn tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tí òòrùn ń pa, tí ọmọ wà lẹ́yìn ẹ̀, tó ń jẹ gúgúrú, ta ló máa wo ọrùn aṣọ pé ọ̀bẹ mẹ́jọ ló wà níbẹ̀? Ohun tó ń dán là ń wò. Ẹ fi síkúìnì sí i, ẹ fi ìyẹ́ pupa, ìyẹ́ yẹ́lò, ìyẹ́ gíríìnì sí i, kí orin dún. Búlúù nìkan láti orí dé ẹsẹ̀, ṣé òkú la fẹ́ sin ni?

---

Ìyá_Aládìírẹ_Ìtòkú:

Ẹni tí kò rí aró tó jinná rí ló ń pè é ní aṣọ òkú. Wá sí Ìtòkú lọ́sàn-án kí n fi hàn ẹ́ bó ṣe ń dán, aṣọ tá a bá fi òòlù lù dáadáa, o lè fi wo ojú ẹ.

---

Wẹ́lídà_Láfẹ́nwá:

Ẹ fi ìjà sílẹ̀, ìyẹ́ tí wọ́n fẹ́ gbé kọ́ ẹ̀yìn lọ̀rọ̀ tó kù tí ẹnì kankan ò dáhùn. Mo bá wọn ṣe férémù ní Kàlàbá rí, ìlú yẹn ti ń ṣe kánífà láti 2004, wọ́n mọ iṣẹ́ ọ̀hún. Ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ ni pé èèyàn ò gbọ́dọ̀ fi èjìká gbé ìyẹ́. Ìbàdí ni. Ẹ ṣe bẹ́líìtì fífẹ̀ tí fóòmù wà nínú ẹ̀ mọ́ ìbàdí, kí ọ̀pá tó gbé ìyẹ́ dúró ti inú bẹ́líìtì yẹn jáde, èjìká kàn wà fún kó má bàa ṣubú síwájú ni. Ẹ má lo irin tí à ń fi ṣe géètì o, mo rí ẹni tó lò ó, ọmọ yẹn ò rìn dé ìdajì títì tó fi jókòó sórí gọ́tà. Álúmíníọ̀mù tàbí ọparun tí wọ́n là sí tẹ́ẹ́rẹ́ ti tó, ọparun ò sì wọ́n.

Atẹ́gùn ni ọ̀tá kejì. Ọyẹ́ ni December. Tí ẹ bá ta aṣọ gbígbòòrò sórí férémù láìdá ihò sí i, ìgbòkun lẹ ṣe yẹn, yóò gbé èèyàn lọ. Ẹ gé aṣọ náà ní ọ̀já ọ̀já kí atẹ́gùn lè gba àárín ẹ̀ kọjá, ó tún máa ń dùn wò tí wọ́n bá ń yí. Kẹ́ ẹ tó san owó fún ẹnikẹ́ni, ẹ gbé ẹyọ kan wọ̀, ẹ gun àtẹ̀gùn Olúmọ lọ sókè ẹ sọ̀ kalẹ̀. Tí ọrùn ò bá dùn yín, ẹ ṣe mọ́kàndínlógójì tó kù.

Mo tún rí nǹkan kan ní Kàlàbá tó bá ọ̀rọ̀ Màmá mu. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Ekpe ń ró aṣọ búlúù kan tí wọ́n ń pè ní ukara, àmì ẹgbẹ́ wọn ló kún inú ẹ̀, mo bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ti ń pa á láró, wọ́n ní ilẹ̀ Ìgbò ni, Ezillo. Nítorí náà Ìgbò náà ń pa aró, kì í ṣe fìlà pupa nìkan. Àmọ́ ẹ má ya àmì inú ẹ̀ o, ti awo ni.

---

Bàbá_Ìgbẹ́ìn:

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́. Ó pẹ́ kí n tó rí ọ̀rọ̀ yìí, ojú ni kò jẹ́ kí n máa tẹ fóònù púpọ̀ mọ́.

Ohun méjì. Àkọ́kọ́, ìwọ ọmọbìnrin Omídà, yọ egúngún yẹn kúrò. N kò ní kí o má fẹ́ràn rẹ̀. Aṣọ egúngún ní ilé tó ni ín, ó ní ẹni tó ń gbé e, ó ní ohun tí wọ́n ń ṣe sí i kó tó jáde, o kò lè rán an ní Omídà kí o fi bọ ọmọ tó ń mu bíà lọ́jọ́ kánífà. Ọ̀já ọ̀já aṣọ tí wẹ́lídà sọ pé kí ẹ máa gé yẹn ti tó, ẹni tó bá mọ̀ á rántí bí aṣọ ṣe máa ń fẹ́ tí ará ọ̀run bá ń yí, ẹni tí kò bá mọ̀ á kàn gbádùn ẹ̀.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ Sàró. Baba ńlá mi wà lára wọn, mo sì lè sọ fún yín pé kóòtù àti fìlà gíga tí o yà yẹn kò burú, ṣùgbọ́n o fi wọ́n ṣe àlejò. Àlejò kọ́ ni wọ́n. Ọ̀pọ̀ wọn, ọmọ Ẹ̀gbá tí ogun kó lẹ́rú ni, wọ́n tà wọ́n, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì já wọn gbà lójú òkun, wọ́n já wọn sílẹ̀ ní Freetown, nígbà tí wọ́n sì gbọ́ pé àwọn èèyàn wọn ti tẹ ìlú tuntun dó sábẹ́ Olúmọ ní 1830, wọ́n gbéra, láti bí 1839 ni wọ́n ti ń dé. Ajayi Crowther kì í ṣe Ẹ̀gbá, Òṣóògùn ni tiẹ̀, ṣùgbọ́n Abẹ́òkúta níbí ló ti tún fojú kan ìyá tó bí i ní 1846, lẹ́yìn ọdún tó lé ní ogún tí ogun ti ya wọ́n. Ìwọ ro ìyá yẹn wò, tó ń wo ọmọ tó wọ kóòtù wọlé. Ọmọ onílé tó fi aṣọ àlejò wọlé, ìyẹn ni kí o rán.

Tí o bá ń wá ẹni tí aṣọ ara rẹ̀ sọ gbogbo ìtàn yìí, ìyá wa Funmilayo Ransome-Kuti ni. Ìdílé Sàró ni wọ́n ti wá, wọ́n lọ kàwé ní England, gáùn òyìnbó ni wọ́n ń wọ̀. Nígbà tí wọ́n wá ń bá àwọn ìyá ọlọ́jà ṣe lórí owó orí, wọ́n bọ́ gáùn sílẹ̀, wọ́n ró ìró, wọ́n wọ bùbá, kó má bàa sí ààlà láàárín àwọn àti ìyá aláta. Ìwọ́de tí wọ́n ṣe lórí owó orí yẹn ní 1947, ìró ni wọ́n fi ṣe é. Nígbà tó fi máa di 1949 Aláké Ademola yẹn ti kúrò lórí oyè. Ṣé táílọ̀ kan wà tí yóò gbọ́ èyí tí kò ní mọ ohun tó máa rán?

---

Ọmọ_Ẹ̀gbá_Lọ́ńdọ̀nù:

Bàbá ẹ kú àdúrà. Sà, ẹ ti sọ gbogbo ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, mo máa ń jáde ní Notting Hill lóṣù August, ẹgbẹ́ àwọn ará Trinidad ni mo wà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bá búlúù jà ẹ gbọ́ èyí. Ọ̀gá kan wà ní Trinidad, Peter Minshall, òun ni wọ́n ń pè tí wọ́n bá ń sọ ọ̀rọ̀ ọ̀gá nínú kọ́stúùmù. Ní 1983 nígbà tí gbogbo èèyàn ń fi ìyẹ́ àti síkúìnì dán, aṣọ funfun lásán ló wọ̀ fún ogunlọ́gọ̀ èèyàn, ọ̀rọ̀ odò ló fi ṣe, wọ́n wá da ọ̀dà aláwọ̀ oríṣiríṣi lé aṣọ funfun yẹn lórí níbi tí wọ́n ti ń ṣeré. Títí di òní wọ́n ṣì ń sọ ọ́. Bọ̀dá Pànṣẹ́kẹ́, kò sí ìyẹ́ kankan níbẹ̀ o, aṣọ funfun ni.

Èrò mi rèé: kí ẹ kó ìkòkò aró méjì sórí ọkọ̀, kí gbogbo wọn wọ funfun láti Kútọ̀, tí wọ́n bá dé Ìtòkú kí àwọn ìyá aládìírẹ máa bu aró lù wọ́n!

---

Ìyá_Aládìírẹ_Ìtòkú:

Ha! Sóódà wà nínú aró o! Ṣé ẹ fẹ́ bó ọmọ ọlọ́mọ láwọ ni? Wo ìka ọwọ́ mi, ogójì ọdún ni aró ti ń jẹ ẹ́. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ da aró sí èèyàn lára. Ẹ pa á nílé, ẹ fi omi ṣàn án títí omi á fi mọ́, ẹ sá a gbẹ, kẹ́ ẹ tó rán an. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òógùn á mú un ṣí, gbogbo ọrùn àti abíyá wọn á di búlúù kí wọ́n tó dé Sápọ́n.

---

Jẹun_Soke:

Èmi ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo ní. Ẹ má fi gbogbo láfún ìlú ya aṣọ tán o, ewédú wà nílé.

---

Aránṣọ_Omídà:

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti ka gbogbo ẹ̀, mo tún kà á sókè fún màámi, nígbà tí mo dé ibi Crowther àti ìyá ẹ̀ wọ́n bọ́ gíláàsì ojú sílẹ̀ wọn ò sọ̀rọ̀ mọ́.

Mo ti ya òmíràn. Páálí mẹ́jọ ti lọ, egúngún ti lọ (Bàbá ẹ má bínú, mi ò rò ó jinlẹ̀), ọ̀pá màlúù ti lọ, Ọmọ Sàbó jọ̀ọ́ dárí jì mí, ṣùgbọ́n mo máa nílò bàbá ẹ, mò ń fẹ́ kí wọ́n yàwòrán ọ̀bẹ mẹ́jọ yẹn fún mi kí n lè mọ bó ṣe ń tẹ̀, tí agbára mi bá gbé e wọn ló máa ṣe ti ẹni àkọ́kọ́ àti ti ẹni ìkẹyìn, àwọn tó kù ẹ̀rọ á ṣe é.

Aṣọ náà á bẹ̀rẹ̀ láti funfun á dúdú lọ, bí Màmá ṣe wí. Ogójì àwọ̀ le jù fún wa, owó aró ńkọ́, torí náà mẹ́jọ ni mo dá a sí, èèyàn márùn-ún ní àwọ̀ kan. Ẹ̀yin náà rí i, márùn-ún márùn-ún náà ni mo tún padà sí, àmọ́ kò sí ẹni tó máa lè sọ pé àwọn wọ̀nyí ni Òwu, àwọn wọ̀nyẹn ni Sàró. Òde aṣọ jẹ́ gáùn alápá gígùn tó fẹ̀ nísàlẹ̀ bíi ti àwọn ìyá Sàró, bọ́tìnnì ló wà níwájú láti ọrùn dé ẹsẹ̀. Tí wọ́n bá dé Ìtòkú, onílù á yí ìlù padà, gbogbo wọn á já bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á yí gáùn yẹn dé ìbàdí, inú ẹ̀ ni àdìrẹ wà, á di ìró, bùbá ti wà lábẹ́ ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo ti dán an wò lára ọmọ-iṣẹ́ mi kan. Ìgbà àkọ́kọ́ ó há mọ́ ọn lọ́rùn, a rẹ́rìn-ín débi pé omijé bọ́. Ìgbà kẹta ó ṣe é kí n tó ka mẹ́wàá. Mo máa fi bọ́tìnnì alátẹ̀mọ́ rọ́pò oníhò, á yá jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bọ̀dá Pànṣẹ́kẹ́, mo gbọ́ tiyín náà. Àwọn ọmọ yìí ò gbà pé kí ìyẹ́ má sí rárá. Mẹ́jọ péré ló máa gbé ìyẹ́, ẹnì kan ní àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, ọparun ni férémù, àjákù àdìrẹ tí mo gé ní ọ̀já ni ìyẹ́ fúnra ẹ̀, mo máa fi síkúìnì díẹ̀ sí etí ẹ̀ kó lè kọ mànà tí òòrùn bá bà á. Díẹ̀ o.

Wẹ́lídà, ọjọ́ wo lẹ máa wà ní ṣọ́ọ̀bù? Màmá, mo ń bọ̀ ní Ìtòkú lọ́jọ́ Sátidé, bátànì tí mo fẹ́ kí wọ́n gé sí páànù ni lẹ́tà ìwé ìròyìn, ẹ rántí pé Ìwé Ìròyìn tí Townsend, míṣọ́nárì òyìnbó yẹn, ń tẹ̀ ní 1859, Abẹ́òkúta níbí ni, lẹ́tà yẹn ni mo fẹ́ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀ṣùbàmbà. Ṣé wọ́n ṣì ń rí ẹni tó mọ páànù gé dáadáa, àbí rọ́bà ni gbogbo wọn ń lò báyìí?

---

Ìyá_Aládìírẹ_Ìtòkú:

Rọ́bà ni ọ̀pọ̀ ń lò, àmọ́ bàbá kan ṣì kù tó ń gé páànù. Tètè dé o, kò ní sùúrù, tó bá sì ti di aago mẹ́rin ó ti lọ sílé. Mú aṣọ funfun ọ̀pá mẹ́ta dání fún ìdánwò, kí o sì wọ aṣọ tí o kò nífẹ̀ẹ́ sí.